Fóòtì, áńpù, óòmù, wáàtì: ẹ ti mọ méjì, ẹ ti mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yín, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí lára ẹ̀. 220–240V, 50/60Hz, 1000–1200W ló wà lára tèmi, tiyín náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ò ka nǹkan yẹn rí látọjọ́ tá a ti rà á, àwọn tó sì kà á, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn ni pé ewo gan-an ni ká mú níbẹ̀, ṣé 1000 ni àbí 1200, àbí àwọn tó ṣe é gan-an ò mọ iye iná tó ń jẹ ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ti lóye ìdí tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀, ẹ ti lóye èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ iná nìyẹn, ẹ̀ẹ́ mọ ìdí tí áyọ́ọ̀nù kì í fi gbóná nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ́ mọ ìdí tí wáyà ẹkistẹ́ńṣọ̀n fi máa ń gbóná bí ẹni pé òun ni áyọ́ọ̀nù, ẹ̀ẹ́ sì mọ ìdí tí ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn tó wà lọ́dọ̀ wa níbí ní Ìkòròdú fi ń ti iná jáde ní 330,000 fóòtì nígbà tó jẹ́ pé 230 péré la fẹ́ lò nínú ilé.

Nǹkan mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀. Fóòtì la fi ń wọn fóòtéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná. Áńpù la fi ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá. Óòmù la fi ń wọn rẹsísítánsì, ìyẹn ìdènà tí iná ń bá pàdé lọ́nà. Wáàtì la fi ń wọn páwà, ìyẹn bí iná ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó, iṣẹ́ ọ̀hún sì lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ fáànù tó ń yí. Tẹ́ ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí rí, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì tẹ àpò gbágùúdá tí wọ́n ti rin, kí omi ara ẹ̀ lè jáde. Bí jáàkì yẹn ṣe le tó ni fóòtéèjì, bí àpò yẹn ṣe ki tó ni rẹsísítánsì, omi tó ń ṣàn jáde ni kọ́rẹ́ǹtì. Ẹ fún jáàkì sí i, omi á pọ̀ sí i. Ẹ gbé àpò tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, omi á dín kù. Omi ò dá ìpinnu kankan ṣe fúnra ẹ̀, ohun tí jáàkì àti àpò bá jọ ṣe ló máa tẹ̀ lé.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ohun kan ṣoṣo tí áyọ́ọ̀nù yín ní tó jẹ́ tiẹ̀, tó gbé wá látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é, ni rẹsísítánsì. Fóòtéèjì, ìta ló ti ń wá, orí òpó. Kọ́rẹ́ǹtì ò ti ibì kankan wá ní tiẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló bí i, àwọn náà ló bí páwà. Wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ìlérí ni, ìlérí ọ̀hún sì ní àdéhùn nínú: tẹ́ ẹ bá fún mi ní 220 fóòtì, màá ṣe iṣẹ́ 1000 wáàtì fún yín. Tẹ́ ẹ bá fún un ní 160, ó ti bọ́ nínú àdéhùn, ẹ má pè é ní òpùrọ́.

Ará Jámánì kan tó jẹ́ olùkọ́, Georg Simon Ohm, ló gbé òfin yìí jáde nínú ìwé lọ́dún 1827, orúkọ ẹ̀ ló di óòmù. Wáàtì jẹ́ orúkọ James Watt ará Scotland, áńpù jẹ́ ti Ampère ará Faransé, fóòtì jẹ́ ti Volta ará Ítálì. Ìtàn wọn ò ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ohun tá a fẹ́ ṣe, èyí tẹ́ ẹ máa há sórí ò ju ìlà méjì yìí lọ:

V = I × R, ìyẹn fóòtì = áńpù × óòmù
P = V × I, ìyẹn wáàtì = fóòtì × áńpù

Gbogbo fọ́múlà tó kù tí wọ́n máa ń yà sínú bébà roboto fáwọn ọmọ ilé-ìwé, inú méjì yìí ni wọ́n ti fà á yọ. Tẹ́ ẹ bá mọ fóòtì àti áńpù, ẹ fi áńpù pín fóòtì, óòmù jáde, ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, wáàtì jáde. Tó bá jẹ́ fóòtì àti wáàtì lẹ mọ̀, bíi ti áyọ́ọ̀nù yìí, ẹ fi fóòtì pín wáàtì kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí áńpù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá lọ mú óòmù. Fóònù ọwọ́ yín ní kakulétọ̀, ẹ má dá ara yín lóró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ní 220 fóòtì, wọ́n ní 1000 wáàtì ni. Ẹ fi 220 pín 1000, ó jẹ́ áńpù 4.55. Ẹ wá fi 4.55 pín 220, ó jẹ́ óòmù 48.4. Óòmù 48.4 yẹn ni ẹ̀lìmẹ́ǹtì tó wà nínú áyọ́ọ̀nù, kò ní yí padà torí pé iná lọ tàbí iná dé. Tó bá wá di 240 fóòtì ńkọ́? Ẹ fi 48.4 pín 240, áńpù 4.96. Ẹ fi 240 lọ́po 4.96, wáàtì 1190. Ẹ rí i báyìí? 1200 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe irọ́, wọ́n kàn sún un sókè díẹ̀ kó lè rọrùn kà ni, áyọ́ọ̀nù kan náà ni, ẹ̀lìmẹ́ǹtì kan náà ni, fóòtéèjì nìkan ló yí.

Àmọ́ ẹ tún wò ó dáadáa. Fóòtéèjì fi 20 lé, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá, wáàtì wá fi 190 lé, ìyẹn sún mọ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ló fà á? Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni fóòtéèjì wọnú ìṣirò yẹn. Bó ṣe lọ sókè, ó fa kọ́rẹ́ǹtì lọ sókè, lẹ́yìn náà la tún wá fi fóòtéèjì tó ti lọ sókè yẹn lọ́po kọ́rẹ́ǹtì tó ti lọ sókè. Àwọn oníwèé á ní P = V² ÷ R. Tó bá ń gòkè, ó ń fò gòkè ni, tó bá sì ń wálẹ̀, ó ń já wálẹ̀ ni.

Èyí tó ń já wálẹ̀ yẹn la mọ̀ jù ládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ kan ní Ágíríìkì pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Àbúrò, iná wà o, gílóòbù ń tàn, fáànù ń yí, áyọ́ọ̀nù yìí nìkan ló kàn ń wò mí, mo fi lé aṣọ lẹ́sì, lẹ́sì ò mọ̀ pé nǹkan kan gba orí òun kọjá. Ṣé ẹ̀lìmẹ́ǹtì ẹ̀ ti kú ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wo sọ́kẹ́ẹ̀tì ná." Mo ki mítà bọ̀ ọ́, 160 ló gbé jáde. Wọ́n ní, "Ṣebí 160 ju ààbọ̀ 220 lọ fíìfíì, kó kúkú gbóná ju ààbọ̀ lọ náà." Ọ̀rọ̀ wọn jọ òótọ́, àmọ́ ẹ fi 48.4 pín 160, áńpù 3.31. Ẹ fi 160 lọ́po ẹ̀, wáàtì 529. Fóòtéèjì tó ku ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ ti sọ áyọ́ọ̀nù 1000 di 529. Aṣọ jíínsì máa rẹ́rìn-ín sí 529 wáàtì. Àwa la máa ń pè é ní háàfù kọ́rẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ fóòtéèjì ló kọ́kọ́ ṣubú, kọ́rẹ́ǹtì kàn tẹ̀ lé e lọ ni.

Ẹ̀lìmẹ́ǹtì wọn ò kú rárá. Bí mo ṣe mọ̀ nìyí, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé tẹ́ ẹ bá ní mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń tà káàkiri yẹn. Ẹ yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná pátápátá, ẹ yí mítà sí 200 lábẹ́ àmì Ω, ẹ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan eyín méjì tó wà nísàlẹ̀ pílọ́ọ̀gì, kì í ṣe èyí gígùn tó dá wà lókè o, ìyẹn ẹ̀ẹ́tì ni, ojú ọ̀nà tí iná tó bá jò máa ń gbà lọ sínú ilẹ̀. Tó bá gbé nǹkan bíi 48 tàbí 49 jáde, ara ẹ̀ le. Tó bá jẹ́ ẹyọ 1 nìkan ló wà lápá òsì ojú mítà, tí nǹkan kan ò tẹ̀ lé e, ó ní ọ̀nà ti já, iná ò lè kọjá. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti jóná, ẹ wo nọ́ọ̀bù tí ẹ fi ń dín ooru ẹ̀ kù, bó bá wà ní ọ́ọ̀fù, 1 yẹn náà lẹ máa rí, mo mọ àwọn tó ti gbé áyọ́ọ̀nù tó dára sọ nù torí ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí mítà lọ síbi tó tóbi jù lábẹ́ Ω, kẹ́ ẹ fi ẹnu kan kan ẹ̀ẹ́tì, kẹ́ ẹ fi ìkejì kan eyín kọ̀ọ̀kan tó kù. Níbẹ̀, 1 lẹ fẹ́ rí. Tó bá gbé nọ́ńbà kan jáde, iná ti ń jò sára irin áyọ́ọ̀nù nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ má gbé mítà lọ sára gílóòbù àtijọ́ kẹ́ ẹ wá pè mí ní onírọ́ o. Gílóòbù 60 wáàtì oníwáyà tínínrín yẹn, ìṣirò wa ní 230 fóòtì máa ní áńpù 0.26, óòmù 882 tàbí bẹ́ẹ̀. Mítà á wá gbé nǹkan tí ò tó 100 jáde. Ìṣirò ò ṣì, mítà náà ò ṣì. Wáyà túńgístìn tó wà nínú gílóòbù, tó bá tutù, óòmù ẹ̀ kéré, tó bá wá gbóná tó ń tàn funfun, óòmù ẹ̀ ti lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ súìṣì ni gílóòbù bẹ́ẹ̀ máa ń kú, torí ìgbà yẹn gan-an ni kọ́rẹ́ǹtì rọ́ wọlé jù. Irin tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀lìmẹ́ǹtì áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ò rí bẹ́ẹ̀, bó tutù bó gbóná, óòmù ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí, òun ló jẹ́ kí ìṣirò wa bá mítà mu.

Tó bá jẹ́ pé fóòtéèjì gòkè ńkọ́? Nígbà míì nútúrà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, á já lórí òpó, ilé kan á máa gba 120, ilé kejì á máa gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 48.4 pín 300, áńpù 6.2, wáàtì 1860. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣe fún 1000 ló ń ru ẹrù 1860 yẹn, á sì jó. Àwọn èèyàn á wá ní, "Ṣebí fíúùsì wà nínú pílọ́ọ̀gì, kí ló dé tí fíúùsì ò já?" Fíúùsì tó wà níbẹ̀ jẹ́ 13 áńpù, 6.2 ló sì ń kọjá, kí ló fẹ́ já fún? Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Ohun tó lè gba áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó máa ń gé iná kúrò tí fóòtéèjì bá ti kọjá ààlà. Àwọn tó yọ fíúùsì tó já, tí wọ́n wá fi irun wáyà tàbí bébà sìgá dípò ẹ̀, àwọn yẹn ti lé ọlọ́dẹ lọ, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ ò tíì tán, wọ́n ní, "Nígbà náà, ṣé kí n lọ ra 2000 wáàtì, kó lè jẹ́ pé bó bá já sí ààbọ̀, á kù 1000 fún mi?" Ọpọlọ wọn pé, ìṣirò ẹ̀ sì jáde: áyọ́ọ̀nù 2000 ní 220 fóòtì, áńpù 9.1 ló máa fà, óòmù 24.2 ni. Ní 160 fóòtì, á ṣe wáàtì 1058. Lórí bébà, ìyẹn tó. Àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù wọn ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹkistẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n fi ń fa iná débẹ̀, wáyà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń tà lójú títì yẹn, wọ́n tún ká èyí tó ṣẹ́ kù sábẹ́ tábìlì.

Gbogbo wáyà ló ní óòmù tiẹ̀, ó kàn kéré ni. Wáyà kọ́pà tí wọ́n ń pè ní 1.5 (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí kọ́pà inú ẹ̀ ṣe nípọn tó), tí wọ́n fi ń wáyà iná òkè, tó bá gùn tó kìlómítà kan, ó ní óòmù 12. Èyí tí wọ́n ń pè ní 2.5, tí a fi ń wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní bíi 7.4. Wáyà inú ẹkistẹ́ńṣọ̀n ẹ̀gbọ́n yẹn ò ju 0.5 lọ, tirẹ̀ ń lọ sí 39 ní kìlómítà kan. Wáyà 10m, iná á lọ, á tún bọ̀, ó di 20m, óòmù bíi 0.75 ni. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àbí? Ooru tí wáyà ń mú jáde ni kọ́rẹ́ǹtì lọ́po kọ́rẹ́ǹtì lọ́po óòmù. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù 1000: 4.55 × 4.55 × 0.75, wáàtì 15 àti díẹ̀. Pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù 2000: 9.1 × 9.1 × 0.75, wáàtì 62. Wọ́n fi ẹ̀ẹ̀mejì lé áyọ́ọ̀nù, ooru inú wáyà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn fi díẹ̀ pọ̀ ju ti gílóòbù 60 wáàtì kan lọ o, ẹ ti gbìyànjú àtifọwọ́ kan gílóòbù 60 tó ti ń tàn rí? Wáyà tẹ́ ẹ na tàn sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ, èyí tẹ́ ẹ ká sójú kan lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú aṣọ tẹ́ ẹ já lé e, kò sí ibi tó fẹ́ gbé ooru yẹn sí, rọ́bà ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú ẹ̀ ti dúdú náà, ohun kan náà ló ṣe é: irin inú ẹ̀ ti dẹ̀, kò di eyín pílọ́ọ̀gì mú dáadáa mọ́, ibi tí wọ́n ti fẹnu kanra yẹn ti di óòmù. Kódà kó jẹ́ ìdajì óòmù péré, ní áńpù 9, wáàtì 40 ló ń jó lójú kan tí ò tó orí ìka.

Ìmọ̀ràn tí mo fún wọn nìyẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ fa wáyà 2.5 wá sí ibi tábìlì, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù 2000. Wọ́n ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní ó sàn ju owó aṣọ oníbàárà lọ.

Ohun tó ń mú 220 di 160 nírọ̀lẹ́ náà, ọ̀rọ̀ wáyà kan náà ni. Ẹ wo àwọn àdúgbò tuntun wa tó jìn sí tíransífọ́mà, tí wọ́n ń fi òpó igi gbé wáyà gba ẹ̀yìn ilé kọjá. Ká ní wáyà láti tíransífọ́mà dé ọ̀dọ̀ yín, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ óòmù 1. Lọ́sàn-án tí gbogbo èèyàn wà níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yin àti aládùúgbò tẹ́ ẹ jọ wà lórí wáyà yẹn ń fa áńpù 5, fóòtì 5 ló máa ṣòfò lọ́nà, 230 á di 225, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́, ríìngì, áyọ́ọ̀nù, ẹ́síì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi, gbogbo ẹ̀ di áńpù 60, fóòtì 60 ló ti ṣòfò, 170 ló dé ilé yín. Kò sẹ́ni tó dín iná kù fún yín ní tíransífọ́mà nínú àpẹẹrẹ yìí. Èèyàn á wá ra áyọ́ọ̀nù tó tóbi sí i kó lè gbóná, ìyẹn á fa áńpù sí i, fóòtì tó ń ṣòfò á tún pọ̀ sí i fún gbogbo àdúgbò. Wáyà tó nípọn, tàbí kí wọ́n gbé tíransífọ́mà sún mọ́ èèyàn, àwọn nìyẹn ló lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Ẹ̀gbìn. Ilé iṣẹ́ iná yẹn wà létí ọ̀sà lápá Ìjẹ̀dẹ́, ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹgawáàtì 220 jáde, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1320, láti àárín ọdún 1980 sí 1990 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí àwọn òpó irin gàgàrà tó jáde láti ibẹ̀, 330,000 fóòtì ló wà lórí wọn. Kí ló dé tí wọn ò kàn ti 230 jáde tààrà kí gbogbo wa sinmi? Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ pẹ̀lú mẹgawáàtì kan péré, ìyẹn wáàtì 1,000,000, lórí wáyà tó ní óòmù 1. Ní 230 fóòtì, ẹ fi 230 pín mílíọ̀nù kan, áńpù 4,348. Ooru inú wáyà, 4,348 × 4,348 × 1, ó ń lọ sí wáàtì mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún. Wọ́n fẹ́ fi mílíọ̀nù kan ránṣẹ́, wáyà fẹ́ gba mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ wọn, kò ṣeé ṣe láéláé. Ní 330,000 fóòtì, áńpù 3 péré ni, ooru inú wáyà jẹ́ wáàtì 9. Mẹ́sàn-án o, nínú mílíọ̀nù kan. Ìṣirò tàwọn ẹnjiníà ju báyìí lọ díẹ̀, torí wáyà mẹ́ta ni iná wọn ń gbà, àmọ́ ìdí ẹ̀ nìyẹn. Tó bá wá ń sún mọ́ ilé, tíransífọ́mà á máa bọ́ ọ sílẹ̀, 132,000, 33,000, 11,000, títí á fi di 415 láàárín fésì méjì (fésì ni wáyà tó ń gbé iná wá), 230 tàbí 240 láàárín fésì kan àti nútúrà, tó wọ ilé yín.

Ara èèyàn náà ní óòmù. Tí awọ ara bá gbẹ, ó lè tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, tó bá tutù, ó lè já wálẹ̀ sí bíi 1000. Ẹ fi 1000 pín 230, áńpù 0.23. Ó kéré sí ti gílóòbù 60, àmọ́ ìdá mẹ́wàá áńpù kan tó ń gba àyà kọjá ti tó láti da ọkàn rú. Ìdí nìyí tí ẹni tó ki ríìngì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tó wá ń fi ìka tọ́ omi wò bóyá ó ti gbóná, ń fi ẹ̀mí ara ẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan omi, ẹ jọ̀ọ́. Pípa súìṣì nìkan ò tó, àwọn kan ti gbé fésì àti nútúrà fún ara wọn nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má wá gbé ìṣirò óòmù yìí lọ bá gbogbo ohun tó ń jẹ iná o. Ohun tó ń mú ooru jáde ló bá a mu: áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, ríìngì, họ́ọ̀tù pílétì. Ṣájà fóònù, tẹlifíṣọ̀n tuntun àti láptọ́ọ̀pù ń ṣe òdìkejì, wáàtì tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n fẹ́, tí fóòtéèjì bá wálẹ̀, wọ́n á fa áńpù púpọ̀ sí i kí wọ́n lè rí i gbà, ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n alágbàfọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe ní 160. Fíríìjì ló máa ń ṣòro jù: mọ́tò inú ẹ̀ fẹ́ gbéra, agbára ò tó, kò lè yí, kọ́rẹ́ǹtì á wá máa rọ́ wọlé láìṣiṣẹ́ kankan, wáyà inú ẹ̀ á gbóná. Tí iná bá ti lọ sí 160, ẹ pa fíríìjì, ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń yọ̀ pé iná tó bá wálẹ̀ báyìí, yúníìtì á pẹ́. Yúníìtì kan ni 1000 wáàtì fún wákàtí kan. Lítà kan ààbọ̀ omi, kẹ́tùlù 2000 máa sè é bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin tí fóòtéèjì bá pé, ní 160 á gba ìlọ́po méjì ìgbà yẹn. Wáàtì di ààbọ̀, àkókò di ìlọ́po méjì, yúníìtì tó lọ ò yàtọ̀, àfi ti pé omi tún ń tutù lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ó sì lè lọ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ínfátà, ẹ bi oníṣẹ́ yín bóyá 12 fóòtì ló fẹ́ gbé fún yín. Ẹrù 600 wáàtì nínú ilé, áńpù 2.6 ni lápá 230. Lápá bátìrì 12 fóòtì, wáàtì kan náà ti di áńpù 50, ìdí nìyẹn tí wáyà bátìrì fi nípọn bí ìka. Ní 24, ó di 25. Ní 48, ó di 12.5, ooru inú wáyà á sì já wálẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹrù tó ju 1000 wáàtì lọ, tó ṣì ń bá 12 fóòtì lọ, owó wáyà ló ń dá.

Ti jẹnẹrétọ̀, kVA ni wọ́n máa ń kọ, kì í ṣe wáàtì. Ẹ fi 0.8 lọ́po ẹ̀: 2.5 kVA di 2000 wáàtì. Kékeré tí wọ́n ń pè ní ai bẹ́tà pásì mai nébọ̀ ò ju bíi 650 wáàtì lọ, ẹ má ki áyọ́ọ̀nù 1000 bọ̀ ọ́ rárá. Lórí 2.5 kVA, ẹ kọ́kọ́ tan fíríìjì, torí pé nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ó máa ń fa kọ́rẹ́ǹtì ní ìlọ́po mélòó kan ju bó ṣe ń fà nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá ti gbéra tán, tí ohùn jẹnẹrétọ̀ ti padà bọ̀ sípò, ẹ lè wá ki áyọ́ọ̀nù 1000 bọ̀ ọ́. Kẹ́tùlù 2000 ní tiẹ̀, ẹ gbé omi yẹn ka gáàsì.